Ọkọ̀ Tí A Fi Apá Mùnírátù Wọ̀n

Ilé kan wà nítòsí ẹbúté Ìkòròdú, ní nǹkan bí ọdún 1955, tí igi wẹ́wẹ́ kún ara ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á rò pé igi ìdáná ni wọ́n so mọ́ra. Kì í ṣe igi ìdáná. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ni gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan tó gún nínú wọn. Òmíràn fẹ̀ lápá kan, ó fún lápá kejì. Òmíràn ti là sí méjì. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó burú jù nínú wọn, tí orí rẹ̀ kọjú sọ́tùn-ún tí ìdí rẹ̀ kọjú sósì, orúkọ onílé gan-an ló wà lábẹ́ rẹ̀: Bísíríyù Láwàl.

Káfíńtà ni Bísíríyù. Ó ga, ó rí gbọ̀ngbọ̀nràn, ó sì ti kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún ilé tó pọ̀ ní Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n tó bá ti kírun Alásárì tán lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn wá á gbé e padà. Ọkọ̀ ló ń gbẹ́ lásìkò yẹn. Ọkọ̀ gidi tó ń rìn lórí ọ̀sà ni yóò wọ̀n láti orí dé ìdí, tí yóò sì sọ ọ́ di kékeré tí èèyàn lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ ńlá, ìdajì ínṣì lára ti kékeré. Kì í tà wọ́n. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló wá ń fi wọ́n ṣe, a ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ayò, kí lẹ ń fi ọmọ ayò ṣe?"

Bámgbóṣé, apẹja kan láti abúlé àwọn Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ló kọ́ ọ. Ojú ti Bísíríyù púpọ̀ lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ bá ọkùnrin náà. Ọ̀gá káfíńtà ni, igi arère lásán ló wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́! Bámgbóṣé ò rẹ́rìn-ín. Ó lu ihò sí ọkọ̀ wíwọ́ náà, ó fi okùn sí i, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, èyí tóun náà kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó ní, "O ti wọlé. Mú igi mìíràn." Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Bísíríyù mú ọkọ̀ wíwọ́ náà àti àṣà yẹn wá sílé ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó dé tí kò ní gbé ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ kọ́.

Ẹ̀sìn Ìsìláámù kò fi bẹ́ẹ̀ nira fún Bísíríyù láti ṣe. Ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ò gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí Ṣẹ̀rífátù ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó sì jẹ́ pé ogójì ọjọ́ ni Bísíríyù fi bẹ Ọlọ́hun pé kó má kú, nǹkan kan ti yí padà. Á kírun, á tẹ́ ọwọ́ láti ṣe àdúà, ẹnu rẹ̀ á gbẹ. Á kàn tẹ́ ọwọ́ náà síbẹ̀. Kò sọ fún Lèmọ́mù. Kí ni yóò sọ? Pé ẹni tóun ń bá sọ̀rọ̀, òun ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́? Ó pa á mọ́ra, ó ń gbẹ́ ọkọ̀.

Sátidé kan ni obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú etí ìborùn rẹ̀, ó tún ń so ó. Mùnírátù ni, aránṣọ, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́ tó lọ́kọ sí Ìkòròdú. Bádéjọ onígbàjámọ̀, tí kì í pa Sátidé jẹ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìyá Kúbúrà, ẹ wọlé o! Àbí ẹ wá gba aṣọ tẹ́ ẹ rán fún wa tá ò tíì wọ̀?"

"Mi ò wá fún àwàdà, Bọ̀dá Bádéjọ." Ó kúnlẹ̀ kí Bísíríyù. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ máa ń gba obìnrin?"

"Ṣé ọ̀bẹ mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin ni? Jókòó. Ọkọ̀ wo lo fẹ́?"

Ó jókòó, ó sì sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ló ni ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ní Ẹ̀pẹ́, tó fi ń kó gààrí àti ẹja. Bàbá ti kú. Bọ́lẹ́kájà ti gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ti pinnu pé àwọn máa fi ayùn rẹ́ ọkọ̀ náà, káwọn ayanja fi dáná.

"Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ tó ń jò ṣe." Ó wolẹ̀. "Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Bàbá. Orí omi ni ìyá mi wà nígbà tí ọmọ mú un. Gbogbo èèyàn ló lè na ìka sí yàrá tí wọ́n bí wọn sí. Tèmi ni wọ́n fẹ́ dáná sí yìí."

Bádéjọ ò ṣàwàdà mọ́.

Bísíríyù fún un ní rúlà ẹsẹ̀ bàtà kan àti ìwé. "Lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Wọ̀n ọ́n. Ìbú rẹ̀, jíjìn rẹ̀, àlàfo ìjókòó sí ìjókòó. Kọ ohun gbogbo sílẹ̀."

Ó wọ ọkọ̀ lọ, ó wọ ọkọ̀ bọ̀. Ìwé náà kún. Ìbú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Jíjìn, mẹ́ta. Níbi tó kọ gígùn sí, ó kọ pé: apá mẹ́fà. Bí ọmọ ọlọ́kọ̀ ṣe máa ń wọn nǹkan gígùn náà ni: á na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ohun tó bá wà láti ìka ọ̀tún dé ìka òsì ni apá kan. Bísíríyù kà á. Apá kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Bó ti ń kà á látilẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀fà lọ́nà mẹ́fà, mẹ́rìndínlógójì. Ó fa ìlà ínṣì méjìdínlógún sórí igi arère, ó sì gbé ọ̀bẹ fún un.

Ọwọ́ tó mọ abẹ́rẹ́ kò pẹ́ mọ ọ̀bẹ. Èyí tó kọ́kọ́ gbẹ́ là, wọ́n gbé e kọ́ ògiri, Bádéjọ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ àwa abagijẹ́!" Mùnírátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìròyìn dé pé wọ́n ti rẹ́ ọkọ̀ náà. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Kò burú. Ó wà nínú ìwé."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó fi sáńpépà ra ara ọkọ̀ náà tán. Ó gbé e sórí tábìlì, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó.

"Bàbá, òun kọ́ nìyí."

"Òun kọ́ báwo?"

"Ọkọ̀ bàbá mi níkùn. Ó máa ń jókòó sórí omi bí ìyá àgbà. Èyí gùn jù, ó fún. Èyí ò níkùn."

Ó yẹ kí Bísíríyù gbé rúlà nígbà náà. Dípò bẹ́ẹ̀, ìwé ló nà sí i. "Ohun tó o kọ ni mo fi ṣe é. Tí kò bá jọ ọ́, á jẹ́ pé o ò wọ̀n ọ́n dáadáa."

Mùnírátù wo ìwé náà, ó wo ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ńlá ti di eérú, kò síbi tó lè padà sí láti lọ wọ̀n ọ́n. Ó ká ìborùn rẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀n." Ó jáde. Ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n," Bádéjọ ní, "ọdún mẹ́rin tí mo ti ń wá síbí, mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu yín rí. Kódà nígbà tí mo gbẹ́ ọkọ̀ tó dà bíi bàtà."

Bísíríyù ń kó ọ̀bẹ rẹ̀ jọ. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, okùn kànga rẹ̀ já. Ó lọ bá Mùlíkátù tó ń ta okùn lọ́jà, ó ní kó wọn apá mẹ́rin fóun. Obìnrin kúkúrú náà na ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gé e. Bísíríyù gbà á, ó na tirẹ̀.

"Èyí ò pé mẹ́rin!"

"Ẹ gbọ́ mi o!" Mùlíkátù ké sí àwọn tó wà nítòsí. "Bàbá gígùn bí òpó iná yìí ń fẹ́ kí n fi apá tiwọn ta ọjà tèmi! Bàbá, apá tó wà lára mi ni mo fi ń wọn nǹkan. Ẹ̀yin náà ẹ lọ fi tiyín ta okùn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bísíríyù dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì nà sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ló dá a padà, ó ní, "O ṣeun, ìyá mi. O ṣeun gan-an ni," ó sì lọ láìmú okùn. Mùlíkátù ní orí Bàbá ti dàrú.

Ilé Mùnírátù ló gbà lọ tààrà. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Dìde. Na apá rẹ."

"Bàbá?"

"Na apá rẹ méjèèjì, ọmọ mi, bó o ṣe nà á ní Ẹ̀pẹ́."

Ó dìde, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na apá. Bísíríyù fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìka ọ̀tún, ó sàmì sí ìka òsì, ó gbé rúlà lé e. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún géérégé.

"Apá mẹ́fà tìrẹ, ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Apá tèmi ni mo fi ka ìwé rẹ. O wọ̀n ọ́n dáadáa. Èmi ni mo ṣìṣe, mo sì tún dá ọ lẹ́bi. Má bínú sí mi."

Mùnírátù mi orí. "Ọkọ̀ náà ti jóná, Bàbá."

"Ọkọ̀ ló jóná. Apá tó wọ̀n ọ́n wà lára rẹ."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣì wà lára ògiri, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rí wọn nìyẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ṣáájú.

Sátidé mẹ́ta ló gbà á. Ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gígùn ọkọ̀ tuntun náà, ó sì níkùn. Nígbà tó parí rẹ̀, Mùnírátù fi ìyẹ́ adìyẹ tó ti bọ ọ̀dà funfun kọ orúkọ sí iwájú rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ti kọ ọ́ sára ti ńlá: ALIHAMUDU. Ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. "Òun nìyí," ó ní. "Ibí yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó kejì, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí." Ó sì fi ìka kàn án.

Ọkọ̀ gígùn tí kò níkùn ńkọ́? Bádéjọ ti gbé e, ó ń wá orúkọ tó máa kọ sí i. Bísíríyù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lu ihò sí i, ó fi okùn sí i, ó gbé e kọ́ lábẹ́ èyí tó gbẹ́ lọ́dún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni?"

"Mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàríbì, Bísíríyù tẹ́ ọwọ́ bó ti máa ń ṣe. Ohun tó fẹ́ bi Ọlọ́hun nípa Ṣẹ̀rífátù ṣì wà níbẹ̀, kò tíì rí ìdáhùn, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé òun rí i. Ṣùgbọ́n ó rántí Bámgbóṣé tí kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí obìnrin kúkúrú tó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà, àti apá méjì tó nà sára ògiri. Ẹnu rẹ̀ ò gbẹ. Ó dúpẹ́ lórí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ nídìí rẹ̀ débi pé Lèmọ́mù ti jáde tán kó tó fi ọwọ́ pa ojú.