Ẹyẹ Onílẹ̀kẹ̀ Dúdú Bàbá Mi

Nílé wa ní Sakété, bí bàbá mi bá ti dá ọ̀rọ̀ ẹyẹ kan sílẹ̀, èyí tó máa ń rí ní pápá Issaba nígbà tó ń dáko níbẹ̀, tí àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú sì yí i lọ́rùn ká, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ̀gà nìyẹn!”

Bàbá ò ríran mọ́, kò lè lọ tọ́ka ẹyẹ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Inú bí mi. Ta ni yóò máa sọ bàbá mi di òpùrọ́ nínú ilé ara rẹ̀?

Zémijáàn ni ẹ̀gbọ́n mi ń gùn, ó ń fi alùpùpù rẹ̀ kérò. Mo ní kó gbé mi lọ sí Issaba láàárọ̀ ọjọ́ kan. Fótò ò wúlò fún ẹni tí kò ríran; ẹnu tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣẹ̀sín ni mo fẹ́ kó fi jẹ́rìí.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí ẹyẹ tó pọ́n, òkò ló ń mú, nítorí àgbàdo. A kì í wò ó, a máa ń lé e ni. Nígbà tí a dé pápá náà, bí ẹyẹ kan ṣe fò fẹ̀rẹ̀ tó bà sínú koríko báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀, ó ń wá òkò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Ìgbà wo lẹ rí ẹ̀gà tó dá rìn?”

Ariwo ẹ̀gà a máa ṣáájú wọn dé oko. Eléyìí dá wà, ó ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ bíi baálé tó ń yẹ oko wò. A lúgọ, ìrì rin ìró mi gbindin. Ó gun òkìtì ikán, ó kẹ̀yìn sí wa, ẹ̀yìn aláwọ̀ ilẹ̀ lásán. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń yínmú. Ló bá yíjú padà: àyà ìyeyè, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú, kedere! Ó gbórí sókè, ó súfèé.

“Yéè! Bàbá ò purọ́!”

Igbe ẹ̀gbọ́n mi lé ẹyẹ lọ. Kó máa lọ, mo ti borí! Mo jó nínú koríko níbẹ̀.

Bí a ṣe délé, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ foríjì mí, Bàbá. Mo rí i, tìlẹ̀kẹ̀-tìlẹ̀kẹ̀.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ wá orí rẹ̀.

“Ẹ kú oríire. Èmi ti rí tèmi tipẹ́. Ó yá, jókòó, sọ bó ṣe rí fún mi.”