Ojú Tí Kò Sí Nínú Kàlẹ́ńdà

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Adéwuyì ní Ṣómólú, wọ́n ní kí n ka ọ̀rọ̀ kan sétí àwọn. Lẹ́tà òjé kéékèèké ni wọ́n fi tò ó, wọ́n fún un mọ́ inú férémù irin, gbogbo lẹ́tà náà ló sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan kà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé pẹ̀lú ìwé mẹ́wàá lápò, tí mo rò pé gbogbo Èkó ti ń retí mi. Ọ̀gá wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo iṣu tó jẹrà.

"Ẹni tó ń ka ìwé, iwájú rẹ̀ ló ń kà," wọ́n ní. "Àwa tí à ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn la fi mọ̀ ọ́n. Gbé ìgbálẹ̀."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbálẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan lẹ́tà. Lónìí, ẹni tí kò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kankan rí yóò ra kọ̀ǹpútà láàárọ̀, yóò kan pátákó mọ́ ògiri lọ́sàn-án pé òun ni ọ̀gá àwọn atẹ̀wé, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣi orúkọ ìyàwó kọ sínú ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ.

Nígbà tí Ọ̀gá kú, èmi ni mo gba ṣọ́ọ̀bù náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ inú rẹ̀ tí à ń fi ẹsẹ̀ wà bíi máṣíìnì ìránṣọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi tẹ̀wé ní títì yẹn, láti Fọlá Agoro sí ọ̀nà Bàrígà. Títì náà kò gùn. Bí o bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn yóò kí ọ pẹ̀lẹ́ ní òpin rẹ̀. Bàbá Alágo tó ń tún aago ṣe kọjú sí mi, Alfa téélọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Níta, láàárín èmi àti Alfa, lẹ́bàá gọ́tà, ni Ìyá Onídìrí gbé agboòrùn wọn sí, tí wọ́n ń di irun fún àwọn obìnrin àdúgbò. Lọ́jọ́ tí mo dé títì náà pẹ̀lú ìwé mẹ́wàá mi, Ìyá ti wà níbẹ̀, wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n sì fi òòyà há ẹnu.

Ìgbádùn wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn. Ìwé tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹlẹ́pà ló máa ń gbà á láti fi pọ́n ẹ̀pà. Ẹni tó ra ẹ̀pà yóò tú ìwé náà, yóò rí i pé Bọ̀sẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó, yóò sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó jókòó síwájú Ìyá Onídìrí bóyá Bọ̀sẹ̀ tiwa ni. Obìnrin yẹn kò lè yí orí torí Ìyá ti di irun rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe tẹrí ba yẹn ni yóò ṣe tú àṣírí ìdílé ọkọ fún wa láti ìran baba ńlá wọn. Bàbá Alágo yóò yí rédíò rẹ̀ wálẹ̀ kó lè gbọ́. Alfa yóò ní òfófó kò dára, yóò sì dá ẹsẹ̀ máṣíìnì dúró kí òun náà lè gbọ́. Inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń gbàgbé inki lórí ẹ̀rọ.

Bàbá Alágo kú, wọ́n sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé àti báírò di ilé tẹ́tẹ́. Alfa náà lọ, wọ́n gbé píóèsì sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. O kí àwọn tó rọ́pò wọn ní ẹ káàárọ̀, wọn yóò yọ nǹkan létí, wọn yóò ní kí lo wí. Wọ́n ní ìdàgbàsókè nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé kí ojú là ni kí etí di, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ mi.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣì so wá pọ̀ ni kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀bù, tí mò ń tẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀: bébà fífẹ̀ kan, oṣù méjìlá nísàlẹ̀, ojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lókè, kálukú nínú àpótí tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé lásán ni. Ipò ni iṣẹ́ ibẹ̀. Alága yóò wà láàárín nítorí oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe dé títì sí ni a ó ṣe tò wọ́n. Lọ́dún kan, nígbà tí Ọ̀gá ṣì wà láyé, Alfa fa tépù ìwọnṣọ rẹ̀ yọ, ó wọn àpótí ara rẹ̀, ó wọn ti Bàbá Alágo, ó ní tòun fi ìlà kan kéré. Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà, Ọ̀gá sì ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Bí o bá ṣi orúkọ ènìyàn kọ, yóò rẹ́rìn-ín," Ọ̀gá sọ fún mi. "Bí o bá ṣi ipò rẹ̀ tò, títí tó fi máa kú ni yóò máa rántí."

Òfin kejì tí wọ́n fún mi ni pé atẹ̀wé kì í tẹ ojú ara rẹ̀. Wọ́n ní alásè kì í bọ́ sínú ọbẹ̀. Orúkọ wa yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ oṣù tó kẹ́yìn, ní lẹ́tà tín-ín-tín, pé àwa la tẹ̀ ẹ́. Iyì wa nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo fi ń tẹ ojú àwọn ará títì wa, ojú tèmi kò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí máa bẹ̀rẹ̀, a gbọ́ pé àwọn onílé ti ta gbogbo ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù wa fún ẹni tó fẹ́ kọ́ pílásà. Àwọn kan ní wọn yóò fún wa láyè nínú rẹ̀, àwọn kan ní wọn yóò lé wa bí adìyẹ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Onídìrí mú fọ́tò kékeré kan wá bá mi, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Ọdún kẹta nìyẹn tí wọ́n ń mú un wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá a padà. Mo tún sọ fún wọn pé kàlẹ́ńdà wà fún àwọn tó ní òrùlé.

"Agboòrùn mi ńkọ́?" wọ́n ní.

Mo ń fi àkísà nu ẹ̀rọ tí kò dọ̀tí.

"Bàbá Pírintà, bí wọ́n bá lé mi lọ́la, ta ló máa gbà pé mo wà níbí rí?"

Wọ́n fi fọ́tò náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi, wọ́n padà sídìí irun. Mo tì í sábẹ́ ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo tì í sábẹ́ ìwé.

Lọ́jọ́ kejì ni Alága wọlé. Ọkùnrin tó ń ta fóònù ni, kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní títì, ṣùgbọ́n ó lóhùn, ó sì ní jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ju ohùn rẹ̀ lọ. Mo máa ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Oyè ni mò ń bọ̀wọ̀ fún. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kí n tò síwájú. Mo ní bí wọ́n ṣe dé ni à ń tò wọ́n.

"Dádì, ìgbà ayé yín nìyẹn," ó ní. "Ẹ má kó wàhálà bá mi. Ẹ̀yin ẹ ṣáà ṣe bí mo ṣe wí. Obìnrin onídìrí yẹn náà, ẹ sọ fún un kó yéé dà mí láàmú. Kàlẹ́ńdà wa kì í ṣe ti àwọn ará ẹ̀bá gọ́tà."

Inú bí mi gidigidi. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Ìyá ni ọ̀rọ̀ Alága. Tèmi kàn wọ aṣọ tó mọ́ ni. Mo fa fọ́tò Ìyá yọ lábẹ́ ìwé. Àpótí àkọ́kọ́ ni mo fi wọ́n sí, torí nínú gbogbo àwọn tó ṣẹ́ kù, kò sí ẹni tó ṣáájú wọn dé. Àwọn ọ̀rẹ́ Alága mẹ́rin, mo tò wọ́n sí ìlà ìkẹyìn, níbi tí ìṣó kì í tilẹ̀ jẹ́ kí bébà dúró dáadáa.

Ọjọ́ tí a pín in, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti gbé tiwọn kọ́ kí Alága tó tú tirẹ̀ wò. Ó wá bá mi, àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e. Ó ní kí n tún un tẹ̀.

"Mi ò ní í tún un tẹ̀," mo ní. "Sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó síwájú a máa tètè dé."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, obìnrin píóèsì pàápàá yọ nǹkan etí rẹ̀ kó lè gbọ́. Ìyá Onídìrí fi ọ̀rá wé kàlẹ́ńdà tiwọn nítorí òjò, wọ́n so ó mọ́ igi agboòrùn. Wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí, torí kì í ṣe àánú wọn ló mú mi ṣe é. Ìbínú ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ẹnjiníà àwọn tó fẹ́ kọ́ pílásà dé, ó dé àṣíborí sórí, bí ẹni pé a fẹ́ sọ ọ́ lókùúta. Ó ní gbogbo ẹni tó ti ń ṣòwò ní títì náà ni yóò ní àyè nísàlẹ̀ ilé tuntun, kí alága mú ìwé orúkọ wá. Alága ní inú fóònù lòun kó orúkọ wa sí, fóònù náà sì ti kú. Ẹni tó ń ta fóònù ni mò ń sọ o. Ẹnjiníà gbójú sókè, ó rí kàlẹ́ńdà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ó béèrè bóyá àwa nìyẹn. Alága ni ó kọ́kọ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, torí ojú tirẹ̀ ló tóbi jù níbẹ̀. Ẹnjiníà ní èyí tilẹ̀ dára ju ìwé orúkọ lọ, ojú kò ṣeé yọ́ fi sí i. Ó yọ ọ́ lára ìṣó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Onídìrí ló kọ́kọ́ pè. Wọ́n dìde, òòyà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi irun obìnrin kan sílẹ̀ ní ìlàjì. Wọ́n jẹ́ orúkọ náà bí ẹni tí wọ́n pè níwájú ìjọ. Ó pe àwọn yòókù tán títí dé ọ̀rẹ́ kẹrin Alága, ó sì ká kàlẹ́ńdà náà. Mo ní èmi ńkọ́. Ó tú u, ó wò ó, ó wò mí.

"Bàbá, mi ò rí yín níbí."

Mo fi ìka hàn án nísàlẹ̀ pátápátá. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀ kó tó lè kà á. Ó ní ẹni tó tẹ̀wé nìyẹn, pé atẹ̀wé lè wà níbikíbi. Ìyá Onídìrí bọ́ síwájú, wọ́n ní inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni bàbá yìí ti tẹ ohun tí ẹnjiníà dì mọ́wọ́. Ó ní òun ò sọ pé bàbá kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n iye ojú tó wà níbẹ̀ ni iye àyè tó wà. Mo wo àwọn yòókù. Bàtà wọn ni wọ́n ń wò. Kálukú mọ̀ pé bí ẹnì kan bá wọlé, ẹnì kan yóò jáde. Alága sún mọ́ mi.

"Dádì, ẹ̀yin náà lẹ tò ó," ó ní. Kò pariwo rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin ló gbé ẹ̀rọ Ọ̀gá lọ. Pílásà náà ti dúró báyìí. Táìlì rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, gíláàsì rẹ̀ ń dán, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì láti gbọ́ òfófó. Wọ́n fún Ìyá Onídìrí ní ihò kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n na àga kan sí mi. Wọ́n ní àyè àwọn gba ènìyàn méjì. Ibẹ̀ ni mò ń jókòó láàárọ̀, tí mò ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé pátákó wọn wọ́, pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ kọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ àfi ẹni tí wọ́n di irun rẹ̀ mú.

Kàlẹ́ńdà náà wà lára ògiri wọn. Ọdún rẹ̀ ti kọjá, wọn kò yọ ọ́. Láìpẹ́ yìí, Ìyá béèrè fọ́tò kékeré kan lọ́wọ́ mi, mi ò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù irun lẹ̀ mí mọ́ àárín gbùngbùn, lórí ojú Alága.

Mo dúró wò ó. Mo rántí Ọ̀gá, mo rántí alásè àti ọbẹ̀. Ìyá kò gbójú sókè, wọ́n ń ya irun.

Fọ́tò náà wọ́ díẹ̀ sí apá òsì. Mo yọ ọ́ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, mo sì tún un lẹ̀ kó gún.