Ta Ni Yóò Dá Ìyá Ẹgbẹ́ Padà?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó èèyàn gun òkè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn ẹbí mi ti rẹ́rìn-ín tó. Ní ìdílé wa ní Accra, aṣọ là ń tà, ọṣẹ là ń tà. Ẹni tó bá kàwé nínú wa, á wá ọ́fíìsì tó tutù jókòó sí. Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyá mi pé àwọn èèyàn yóò máa wá bá mi kí n mú wọn rìn títí yóò fi rẹ̀ wọ́n, ó ní ta lòun ṣẹ̀?

Mo kọ́ṣẹ́ náà dáadáa o. Mo lọ dé Tansaníà, lórí òkè ńlá tó ní yìnyín lórí, níbi tí èémí ti wọ́n bí ẹran ọdún. Ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ kò le: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ni kó ṣíwájú, ìdọ̀tí tó o bá gbé gòkè, gbé e sọ̀ kalẹ̀, bí ara ẹnì kan bá ń yí padà, dá a padà, ì báà ṣe ọba. Mo ti dá òyìnbó padà. Mo ti dá ọ̀gá báńkì kan padà, ó bú mi láti òkè dé ilẹ̀, èmi náà sì ń dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà."

Ṣùgbọ́n n kò tíì kó àwọn Aláta ẹlẹgbẹ́ mi gòkè rí. Aláta ni àwọn ará Gánà ń pe àwa Yorùbá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá oníṣòwò wa. Ìyá Ẹgbẹ́ ni gbogbo ọjà ń pè é. Èmi ń pè é ní Màmá, torí òun ló wẹ̀ mí ní kékeré. Ọjọ́ kan ni ó pè mí pé ẹgbẹ́ ń lọ gbàdúrà lórí òkè tó ga jù ní Gánà, lọ́hùn-ún ní ẹkùn Fọ́ltà. Mo ní, "Màmá, òkè àdúrà pọ̀ nítòsí." Ó ní ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù, Ọlọ́run ò lè gbọ́ tẹnì kan yàtọ̀ mọ́.

Ní Túdù, ibùdókọ̀ kan ní Accra níbi tá a ti wọ ọkọ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo béèrè ohun tí mò ń bi gbogbo èèyàn: ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ló ní àtọ̀gbẹ?

Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ìyá kan ta ìka yí orí ká. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àìsàn lo fẹ́ fi kí wa láàárọ̀ ni?"

Mo wo Màmá. Èmi ni mò ń bá a ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó wà nínú báàgì tó gbé lé itan. Ó ní òun ti kọ àìsàn lórúkọ Jésù. Ta ni mo jẹ́ tí màá pe Ìyá Ẹgbẹ́ lópùrọ́ lójú ẹgbẹ́?

A dé ìsàlẹ̀ òkè. Wọ́n sọ kúlà wáákè kalẹ̀, ìrẹsì òun ẹ̀wà tó tó bọ́ abúlé. Ìyá kan tilẹ̀ ti tú ọṣẹ sílẹ̀, ó ń tà á fún àwọn ará abúlé kí n tó ka èèyàn tán. Mo ní kí oníkálukú gbé ọ̀rá omi tó bá mu sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń bọ̀ wá gbálẹ̀ lórí òkè? Mo ní èmi ni.

Màmá ṣíwájú. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kọjá lára àgbà, ni gbogbo wọn bá tò sẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Tansaníà gan-an. Inú mi dùn. Mo ní àwọn baba wa mà gbọ́n o! Ayọ̀ náà ò dé ibì kan. Màmá ò lè sinmi, torí ẹgbẹ́ ń wò ó lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ náà ò lè sinmi, torí Ìyá Ẹgbẹ́ ò tíì jókòó. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pa ara wọn.

Ní kọ́nà kan, ó di igi mú. Òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ti funfun, ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká padà."

"Ta ni yóò padà? Ṣé èmi ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ìyá wa ò ní padà sẹ́yìn láé!" Orin ti bẹ́. Màmá tún gbẹ́sẹ̀ sókè.

Bó bá ṣe ọ̀gá báńkì ni, mo mọ ohun tí màá ṣe. Ti Màmá yìí, kò sí nínú ẹ̀kọ́ kankan. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì, mo di orúnkún mú, mo kígbe: "Yéè! Màmá, ẹsẹ̀ mi! N ò lè lọ mọ́!"

Orin dúró. Ó yíjú padà, ojú rẹ̀ yí pátápátá. "Ọmọ mi!" Ó kọjú sí ẹgbẹ́: "Ẹ máa lọ, ẹ má dúró dè mí. Màá sin ọmọ yìí sọ̀ kalẹ̀." Kò padà sẹ́yìn o. Ó sin ọmọ sọ̀ kalẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Mo ní kí ọkùnrin abúlé tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa bá àwọn yòókù lọ, kó jẹ́ kí wọ́n máa sinmi. Èmi àti Màmá bá sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló gbé lé mi, ẹnu rẹ̀ sì ń sọ pé, "Fara tì mí dáadáa, má bẹ̀rù."

Nọ́ọ̀sì abúlé fi ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wé e lápá, ó wò ó, ó tún un wé, kò sì jẹ́ kó dìde mọ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bó bá gòkè díẹ̀ sí i ni, òkú là bá gbé wá. Màmá gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì: "Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ọmọ yìí la bá wá o!" Bí wọ́n ṣe fi báńdéèjì wé orúnkún mi nìyẹn, orúnkún tí nǹkan kan ò ṣe.

Ká tó dé Accra, ìròyìn ti ṣáájú wa: ẹni tó ń kó èèyàn gun òkè, òkè ti dá a jókòó. Àwọn èèyàn kan láti ìlú Tema tó fẹ́ bá mi gun òkè ránṣẹ́ pé àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni Màmá ń pè mí lórí fóònù, tó ń ké sí Ọlọ́run pé kó fún ẹsẹ̀ mi lágbára, kó má fi mí ṣẹlẹ́yà láàárín ẹgbẹ́. Inú á máa bí mi, màá máa ṣe àmín, torí mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.