Ọwọ́ Nínú Fìlà

Ẹ fi àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin sílẹ̀. Wọ́n ń pariwo "háńdíkáàpù" lójoojúmọ́, wọn ò mọ ibi tó ti wá. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì ti fi dájọ́ rí.

Òmìnira Dáhòmè kò tíì pẹ́ nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, níbi tí mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Idigny, nítòsí Kétu. Ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ oko sì fẹ́ pa á. Ó mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n kò ní máṣíìnì. Oníṣòwò ará Abẹ́òkúta kan ní Kétu ní ọ̀kan, ó sì ń wá ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ewúrẹ́ kan tó o. Ọkùnrin náà ní kò tó. Wọ́n fà á títí, ọ̀rọ̀ ò lójú mọ́.

Mo ní ká ṣe é bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti ń ṣe é, kí orúkọ náà, háńdíkáàpù, tó bọ́ sídìí eré ìje ẹṣin, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù lé ẹṣin tó lágbára kí agbára lè dọ́gba. Ọwọ́ nínú fìlà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Adájọ́, ìyẹn èmi, yóò sọ ohun tí wọ́n máa fi kún pàṣípààrọ̀ náà. Àwọn méjèèjì yóò mú ẹyọ owó kọ̀ọ̀kan, wọn yóò jọ ti ọwọ́ bọ fìlà. Ẹni tó bá gbà yóò mú owó jáde, ẹni tó bá kọ̀ yóò yọ ọwọ́ òfo. Bí èrò wọn bá dọ́gba, adájọ́ ló ni owó; bí àwọn méjèèjì bá sì gbà, pàṣípààrọ̀ ti dúró nìyẹn. Bí ẹnì kan bá gbà tí èkejì kọ̀, ẹni tó gbà ló ni ín.

Oníṣòwò wò mí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí. Ṣé o ò ní gbè é?"

"Ẹ máa wò mí níran."

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Mo gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, mo yí máṣíìnì náà, ó ń lọ geere. Mo dájọ́ pé ewúrẹ́ méjì ni, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tó lóyún. Ewúrẹ́ méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi ní láyé, ọ̀kan nínú wọn sì lóyún. Ó wò mí bí ẹni wo olè. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mi ò yí i padà.

Wọ́n ti ọwọ́ bọ fìlà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n la àtẹ́lẹwọ́. Owó wà nínú méjèèjì.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ká ní o gbè é ni, ọwọ́ òfo ni ǹ bá yọ."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé máṣíìnì rẹ̀ rù, ó ń lọ níwájú mi títí a fi délé. Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn aládùúgbò ṣe ń gbé ọkọ́ lọ sóko, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ránṣọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í bóyá torí àwọn ewúrẹ́ ló ṣe ń sunkún.

Ó ní rárá. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, òní ni ilẹ̀ kọ́kọ́ mọ́ tí òun ò bẹ̀rù.