Aránṣọ Tí A Gbàdúrà Fún

Eré orí tẹlifíṣọ̀n kan ló kọ́ mi ní Yorùbá. Nílé wa ní Ugborikoko, màmá mi a bá mi sọ èdè Ìlàjẹ, èmi a sì fi Píjìn dá wọn lóhùn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Warri. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń wo eré yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ìjọ wa ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé lẹ́bàá omi, níbi tí iná kì í ti dúró. Èmi ni tẹlifíṣọ̀n wọn.

Aránṣọ kan ni gbogbo wa fẹ́ràn nínú eré náà. Níbẹ̀rẹ̀, kò lè gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kọ́ṣẹ́, ó ra máṣíìnì. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ fọ́ máṣíìnì náà mọ́lẹ̀, ó kó jáde, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí mo sọ ibẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin wa kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ṣe àmín, tọkàntọkàn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn, Àǹtí tó ń yan ẹja ní Orhuwhorun, kúrò nílé ọkọ tiwọn. Kì í ṣe eré ló lé wọn jáde. Ọwọ́ ọkọ wọn ni. Ṣùgbọ́n Àǹtí sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ń di ẹrù, aránṣọ yẹn ni àwọn ń rò. Ní báyìí, ẹja Àǹtí ló máa ń kọ́kọ́ tán ní ọjà Enerhen.

Mo ní láti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lára mi, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Mo ti parí yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mi ò tíì ríṣẹ́. Àyà mi máa ń já bí fóònù bá ti dún. Nígbà tí mo bá rí ẹnì kan tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, kódà kó jẹ́ nínú eré, ọkàn mi máa ń balẹ̀ pé èmi náà lè yí padà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó ń kọ eré náà ba aránṣọ yẹn jẹ́, inú bí mi, lẹ́yìn náà ojú tì mí pé inú bí mi, lẹ́yìn náà inú tún bí mi nítorí ìtìjú náà.

Ohun tí wọ́n ṣe rèé. Nínú apá kan ṣoṣo, aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó ẹrù padà sílé ọkọ, ó kúnlẹ̀, ó ní ìgbéraga ló kó bá òun. Ọkọ ò tọrọ àforíjì. Ká ní wọ́n jẹ́ ká rí i pé ọkùnrin náà ń kọ́gbọ́n ni, ǹ bá gbà. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ kò wo eré ara rẹ̀ rí.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin wa, ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn ará ilé ọkọ Àǹtí fẹ́ wá mú Àǹtí padà, Ìyá Ìjọ ló sì bá wọn ṣètò rẹ̀.

"Ọmọ wa, sọ ọ́ bó ṣe rí," ni Ìyá Ìjọ wí. "Má fo ibì kankan. Àwọn kan ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí.

Mo lè purọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bó ṣe rí, títí dórí ìkúnlẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Ìyá Ìjọ wí. "Obìnrin tó gbọ́n ti padà sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì parí." Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Aránṣọ kọ́ ló padà. Ẹni tó kọ eré ló gbé e lọ. Obìnrin tí a mọ̀ ò ní kúnlẹ̀ fún ẹni tó fọ́ máṣíìnì rẹ̀. Mi ò gbà á."

"Ta ló ní kí o gbà? Àbí ìwọ lo kọ ọ́ ni?"

"Rárá, mà. Àmọ́ a gbàdúrà fún un níbí. Ẹ̀yin gan-an lẹ darí àdúrà náà, mà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màmá mi fà mí láṣọ pé kí n jókòó. Mi ò jókòó.

Àǹtí wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ọkọ yẹn, ṣé ó ti tún máṣíìnì náà ṣe?"

"Kò tún un ṣe, Àǹtí."

"Ṣé ó tiẹ̀ mẹ́nu kàn án?"

"Rárá o."

"Dem no try at all," ni Àǹtí wí, wọ́n sì gbé báàgì wọn. "Ìyá Ìjọ, ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ilé ọkọ mi kí wọ́n má wulẹ̀ wọkọ̀ wá. Mo ní ẹja tí mo fẹ́ yí lórí ààrò."

Àwọn ará ilé ọkọ náà wá síbẹ̀síbẹ̀. Àǹtí fún wọn ní ìjókòó àti omi nídìí ààrò, wọ́n sì padà láìmú Àǹtí dání.

Mi ò wo eré náà mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní eré lásán ni, mo sì mọ̀ pé àwọn tó kọ ọ́ ò ní mọ̀ láé pé ẹnì kan ní Warri ń bínú sí wọn. Kò kàn mí. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin jókòó bí ìṣe wọn. Ìyá Ìjọ náà jókòó, wọ́n kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn aránṣọ tèmi níbi tó wù mí: aránṣọ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, oníbàárà méjì ti ń dúró dè é.

"Méjì péré?" ni Ìyá Ìjọ wí, láìyíjú. "Àdúrà tí a gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ."