Ṣúgà Ló Jí Bàbá Onípákó

Ọjọ́ tí Lásúnkànmí onípákó ṣubú ní Ìbàfò, jìnnìjìnnì bo gbogbo wa. Ó ń bá oníbàárà nájà lọ́wọ́ ni òógùn tútù bò ó, ahọ́n rẹ̀ lọ́, ó sì dà wó sórí pákó. Àwọn kan ní ọtí ló ń pa á, pé kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Ọmọ́títí, ìyàwó rẹ̀, ló rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwòsàn. Ó rí i pé ọkọ òun ṣì lè gbé nǹkan mì, ó bá po ṣúgà mọ́mi, ó rọra ń fún un mu. Kò pẹ́, Bàbá lajú.

“Kí lo fi sí mi lẹ́nu?”

“Ṣúgà ni, Bàbá Tolú.”

“Ṣúgà? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

Ẹ gbọ́ ohun tó fa ìbínú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ní nǹkan bí ọdún 2003, ló ti pinnu pé ohun kíkorò ní í lé ohun dídùn lára. Nítorí náà, láàárọ̀, kó tó fẹnu kan oúnjẹ, yóò ti da páráágà sọ́fun, àgbo kíkorò tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Àwa aládùúgbò gbà á gbọ́. Ojú ń tì mí títí dòní.

Wọ́n gbé e lọ bá Dókítà Adéyẹ́misí ní Mówé.

“Bàbá, ọtí tí ẹ mu sí ikùn òfìfo lórí oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín ló fa ṣúgà ara yín wálẹ̀. Ọkàn yín náà ti ń rẹ̀. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ pátápátá.”

“Àyà ò dùn mí, Dókítà.”

“Ọkàn ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè máa bàjẹ́, kó má dùn ún rárá, sà.”

Ẹ̀rù ba Bàbá, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni. “Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àárọ̀ nìkan.”

“Rárá, sà.”

“Ọjọ́ Sátidé nìkan ńkọ́?”

“Rárá.”

Bàbá bá dìde, ó ń rọra lọ sẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà tí ọjà wọ́n jù fún, ó ń retí kí wọ́n pè é padà. Aláìsàn mìíràn ni dókítà pè.

Ó padà wá jókòó. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Tolúwalọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lóyún sínú ní Ọ̀fàdà. “Tí mo bá gbà, ṣé máa rí ọmọ Tolú?”

“Mi ò lè ṣèlérí, sà. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá gbà, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Kò sí ẹ̀dínwó?”

“Kò sí.”

Ó gbà. Ẹnu yà wá, a ní kò lè pẹ́ tí yóò fi padà sídìí ọtí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkómọ, nígbà tí ọtí àdúrà yí kan Bàbá pé kó tọ́ ọ wò, ó gbé ife náà fún ẹni tó kàn, ó sì na ọwọ́ gba ọmọ. Ọmọ́títí sunkún.

Ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọkàn náà kò ṣeé tún ṣe tán. Ọmọ náà ti ń sáré kiri nígbà tí Bàbá sùn tí kò jí. Lẹ́yìn ìsìnkú, à ń sọ ìtàn rẹ̀ ní ìsọ̀ pákó rẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ọmọ ṣe sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, tó bọ́ sáàárín pákó, tó ń wá Bàbá. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ọmọ tí ì bá má mọ̀ ọ́n rárá ló ń pè é yẹn, “Bàbá mi, Bàbá mi.”