Bàálù Fínláǹdì àti Àyà Ọkọ Mi

Ọkọ mi kì í parọ́ fún bàálù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún wọn ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú tó wà nítòsí ilé wa ní Euless, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tó bá sì rí lára wọn náà ló ń sọ. Àmọ́ ara tirẹ̀ kọ́. Kódà bó bá ń wúkọ́ lọ́wọ́, tí ẹ bi í léèrè àlàáfíà, "A dúpẹ́" ni. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àìsàn ti ránṣẹ́ pè é wá sílé nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ wo ohun tójú mi ń rí.

Bàálù tó fẹ́ràn jù ni bàálù ogun àtijọ́ kan tí Amẹ́ríkà ṣe, tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìkòkò. Àwọn tó lò ó nílẹ̀ olóoru fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ó wúwo, kì í tètè gòkè, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ sì ń gbóná jù. Àwọn ará Fínláǹdì, tí wọ́n ra tiwọn, ò bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n yọ ẹrù tí kò wúlò lára rẹ̀, wọ́n tún ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ tò, òtútù ilẹ̀ wọn sì bá wọn tù ú. Ó ń rìn jìnnà, ó ń yí dáadáa, ìyà ò sì tètè pa á. Wọ́n fi bá Rọ́ṣíà jà títí bàálù tuntun àwọn ọ̀tá fi yára jù ú lọ. Ọkọ mi lè máa sọ èyí títí ọbẹ̀ á fi tutù.

Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Ó ní bàtà ló ń há òun. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí "A dúpẹ́" náà ni bàbá rẹ̀ sọ kẹ́yìn kó tó ṣubú lulẹ̀, tó sì kú.

Mo fi ariwo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Coppell. Wọ́n bi í bóyá àyà ń dùn ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ara òun le. Dókítà ti ń dìde. Inú bí mi, mo sọ fún ọkọ mi pé:

"Dádì, ká ní bàálù Fínláǹdì yẹn ni, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ check ẹ̀, ṣé ẹ máa sọ pé ara ẹ̀ le?"

Ó kọjú sí dókítà, ó wá ń fi ohùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ ròyìn: bó bá ń gun àtẹ̀gùn, èémí kì í tó, àyà a máa fún un, ìrora á sì gba apá òsì. Dókítà padà jókòó.

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà ẹ́ ni."

Mo sunkún níwájú dókítà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti gba ọsibítù lọ, wọ́n sì la iṣan ọkàn tó ti dí fún un lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àgbà kan bi í bóyá ara ti le. Ó ní a dúpẹ́, àmọ́ àyà ṣì ń dun òun díẹ̀. Bàbá náà ní Ọlọ́run má jẹ́, ó sì yí padà. Kò rìn jìnnà. Ó padà wá, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bi ọkọ mi bóyá ìrora yẹn máa ń gba apá.